Níbi Tí Irin Ti Pàdé Irin: Land Rover Bàbá Mi ní Igbógbó

Wáyà ṣóòkì ló kọ́kọ́ rú èéfín. Ọ̀sán Sátidé ni, oṣù 14 la sì ti lò lẹ́nu iṣẹ́ náà. Bàbá mi jókòó sórí àga oníke lábẹ́ igi máńgòrò, àbúrò mi obìnrin gbé fóònù sókè kó lè ya fídíò, èmi sì yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì náà fẹ́ yí, kò lágbára. Ó kérora lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Mo tún yí i. Lẹ́ẹ̀kejì yìí ni òórùn ike tó ń jóná gba inú mọ́tò kan, mo sì rí èéfín tó ń tú jáde lára wáyà ṣóòkì, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ara ògiri iwájú kọjá lọ sídìí kabúrétọ̀. Mo fọwọ́ kàn án, ó jó mi.

"Yọ bátìrì!" Bàbá ti dìde. "Yọ orí bátìrì ná, kó o tó máa wo ọwọ́!"

Mo yọ ọ́. Èéfín náà dáwọ́ dúró. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, torí gbogbo wa la mọ iye tí a ti ná.

A ò tíì mọ̀ nígbà náà pé ohun tó fa èéfín yẹn àti ohun tó jẹ ṣásí mọ́tò náà, egungun irin tí gbogbo ara rẹ̀ jókòó lé, láti inú, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tó bá fẹ́ tún ọkọ̀ àtijọ́ kọ́ nílé, ẹ́ńjìnnì àti ọ̀dà ló máa ń gbà á lójú. Ṣùgbọ́n oríkèé ni mọ́tò tiwa ti kú: níbi tí irin ti kan alumíníọ̀mù, níbi tí bàbà ti kan irin, níbi tí irin méjì ti kan ara wọn tí omi sì rí àyè dúró sáàárín. Oríkèé náà la sì ti jí i.

Land Rover Series III ni, èyí tó jẹ́ íńṣì 109 láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn. Ọdún 1971 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀, wọ́n sì ṣe é títí di 1985. Sítíárìn tiwa wà lápá òsì. Bàbá máa ń fi èyí pìtàn fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, pé ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún lójú títì, àti pé àwọn Land Rover tó ń kó òṣìṣẹ́ ìjọba kiri ṣáájú ìgbà náà, apá ọ̀tún ni awakọ̀ wọn ń jókòó sí. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni òun náà ń ṣe lábẹ́ ìjọba. Òun ló máa ń lọ kọ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé bí wọ́n ṣe ń gbin ẹ̀gẹ́ tuntun, Land Rover ni wọ́n sì fi ń gbé e lọ. Nígbà tí iléeṣẹ́ ìjọba kan ta àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ti lò gbó lórí gbàǹjo ní 1991, ó ra ọ̀kan.

Ó fi lọ sóko rẹ̀ ní Ìmọ̀tà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó fi kó ẹ̀gẹ́, ó fi kó ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ó fi gbé ìyàwó àbúrò rẹ̀ lọ bímọ lóru ọjọ́ kan tí àgbàrá ti gé ọ̀nà wa ní Igbógbó. Lẹ́yìn náà ló yá ẹ̀gbọ́n mi kan. Ẹ̀gbọ́n náà lò ó fún ọdún mẹ́ta létí ọ̀sà ní Báyékù, ó ń fi í fa ọkọ̀ ojú omi gòkè. Kò sí bí èèyàn ṣe máa fa ọkọ̀ ojú omi gòkè tí ìdí mọ́tò ò ní wọ omi. Omi ọ̀sà Èkó kì í sì í ṣe omi odò lásán. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, iyọ̀ òkun máa ń wọ inú rẹ̀ gan-an. Ní 2009, wọ́n dá mọ́tò padà. Bàbá gbé e sábẹ́ máńgòrò, ibẹ̀ ló sì wà.

Mo ní láti sọ ti àtúnṣe àkọ́kọ́, torí òun ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ tó wọ́n jù. Ọdún bíi mélòó kan ṣáájú èyí tí mo ń sọ, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Pánẹ́ẹ̀bítà ibẹ̀ fi bọ́dífílà dí gbogbo ihò, ó fi sáńpépà yọ́ ọ, ó fọ́n ọ̀dà ewé sí i lára. Ó dán bí ìgò. Bàbá fọwọ́ pa á lára, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò pé oṣù mẹ́jọ tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ara ẹni tí eéwo bò. Nígbà tí mo fi orí sukudíráfà tẹ ọ̀kan nínú àwọn ibi tó wú náà, ọ̀dà ya, bọ́dífílà já, lẹ́búlẹ́bú funfun bí ẹfun sì dà sílẹ̀. Wọ́n ti kan gbogbo ìpẹtà àti gbogbo omi mọ́ abẹ́ ẹ̀wù tuntun.

Ẹfun yẹn la fi mọ àìsàn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé Land Rover síta níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Amsterdam ní 1948, ogun àgbáyé kejì ò tíì pẹ́ tó parí. Irin wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì débi pé ìjọba ló ń pín in fún àwọn iléeṣẹ́, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù wà nílẹ̀. Wọ́n bá fi irin ṣe ṣásí, wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe ara. Ìdí nìyí tí àwọn èèyàn fi ń sọ pé Land Rover kì í dógùn-ún. Òótọ́ ni pé alumíníọ̀mù kì í dógùn-ún bí irin. Ṣùgbọ́n tí alumíníọ̀mù bá kan irin, tí omi iyọ̀ sì wà láàárín wọn, ṣe ni méjèèjì máa di bátìrì kékeré. Nínú bátìrì yẹn, alumíníọ̀mù ló ń fi ara rẹ̀ san gbèsè. Yóò máa di ẹfun díẹ̀díẹ̀ títí tí bọ́ltì ò fi ní rí ohun tó máa dì mú mọ́. Létí ọ̀sà bíi tiwa, afẹ́fẹ́ nìkan ti tó láti mú un ṣẹlẹ̀, ká má tíì sọ ti mọ́tò tí wọ́n ti ń rì sómi.

Torí náà, nígbà tí mo ṣetán láti ṣe é lọ́tẹ̀ yìí, mo sọ fún Bàbá pé mi ò ní fọwọ́ kan ọ̀dà títí tí ṣásí fi máa yè. Ó ní, "Ẹ́ńjìnnì ńkọ́?" Mo ní ẹ́ńjìnnì ò sá lọ síbì kankan. Inú rẹ̀ ò dùn. Ó ti pé ọdún 78, ohun tó sì fẹ́ gbọ́ ni ìró ẹ́ńjìnnì.

A fi òpó àti páànù pa àgọ́ sábẹ́ máńgòrò. Mo tú ara mọ́tò náà, mo ń ya fọ́tò gbogbo oríkèé kí n tó tú u, mo ń kó bọ́ltì ibì kọ̀ọ̀kan sínú agolo mílíìkì tirẹ̀, mo sì ń kọ orúkọ ibẹ̀ sí i lára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe ìyẹn nìkan. Bọ́ltì tí kò gbọ́ epo, mo fi gírándà gé e. Tí èèyàn bá fi agbára yí irú bọ́ltì bẹ́ẹ̀, alumíníọ̀mù ló máa ya.

Nígbà tó ku ṣásí nílẹ̀, mo mú òòlù kékeré, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ṣásí Land Rover yìí kì í ṣe irin gbọọrọ tí inú rẹ̀ dí. Àpótí ni, irin pẹlẹbẹ mẹ́rin tí wọ́n jó pọ̀, tí inú rẹ̀ sì ṣófo. Irin tó yè máa ń dún kọ́ọ́ bí agogo. Èyí tó ti jẹrà máa ń dún pọ̀ọ̀, bí ìgbà téèyàn lu páálí. Mo fi ṣọ́ọ̀kì funfun sàmì sí gbogbo ibi tó dún pọ̀ọ̀: irin ìdábùú ẹ̀yìn pátápátá, mẹ́ta nínú àwọn apá tó yọ síta tí ara mọ́tò ń jókòó lé, àti ibi kan tó gùn tó apá mi lókè àkísù ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì. Ọ̀dà tó wà níta ṣì dára níbẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Nígbà tí a gé irin ìdábùú ẹ̀yìn kúrò, iyanrìn tó kún garawa kan dà jáde látinú rẹ̀, àwọn ìkarahun wẹẹrẹ wà nínú iyanrìn náà. Báyékù ni. Iyanrìn náà ti dí àwọn ihò tí omi ì bá gbà jáde, iyọ̀ inú rẹ̀ sì ń fa omi mọ́ra láti ọdún yìí wá.

Kí a tó gé ohunkóhun, mo gbé ṣásí náà sórí òpó mẹ́rin. Mo yá rọ́bà omi tí àwọn bíríkìlà fi ń wọn ìpìlẹ̀ ilé, èyí tí omi inú rẹ̀ máa ń dúró ní ìpele kan náà lápá méjèèjì, mo fi ṣe é kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè dọ́gba. Lẹ́yìn náà, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n ní ìdábùú, láti igun iwájú ọ̀tún dé igun ẹ̀yìn òsì, àti láti iwájú òsì dé ẹ̀yìn ọ̀tún. Ìyàtọ̀ mílímítà 4 ló wà láàárín méjèèjì. Mo kọ ọ́ sára ògiri. Ẹni tó bá gé ṣásí láìwọ̀n ọ́n, mọ́tò rẹ̀ yóò máa rìn bí akàn, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè to táyà rẹ̀ tó máa gún.

Irin tó nípọn mílímítà 3 ni mo lọ rà ní Òwódé Onírin. Ọ̀gá wẹ́dà tó wá ṣe é ti lé ní ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́, géètì ilé àti ojú fèrèsé ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó yí ṣásí náà po lẹ́ẹ̀mejì, ó ní:

"Ọmọ mi, jẹ́ ká kàn bò ó. Màá gbé irin lé e lórí, màá jó o yíká, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ibi tí ẹ fẹ́ jó o mọ́ yẹn gan-an, ẹ bá mi fi òòlù kàn án."

Ó kàn án. Òòlù wọlé. Ó wo ihò náà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí, ó ní, "Ó dáa. Sọ ibi tí mo máa gé e dé."

A gé e títí dé ibi tí irin ti mọ́, tí ó sì ń dún kọ́ọ́. Apá kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo la ń gé: a gé ọ̀kan, a jó tuntun síbẹ̀, a fi téèpù wọ̀n ọ́n, ká tó gé òmíràn. Ọ̀gá wẹ́dà náà ló kọ́ mi ní ohun tí mi ò rí nínú ìwé kankan. Ó ní tí a bá jó ojú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà, ooru yóò fa ṣásí wọ́. Ó ń jó ìka kan níhìn-ín, ó ń lọ sí òdìkejì jó ìka kan, ó ń padà wá, ó ń fi ọwọ́ wò ó bóyá ó ti tutù. Iná NẸPA ò dúró, jẹnẹrétọ̀ la fi ṣe èyí tó pọ̀ jù. Iṣẹ́ tí mo rò pé yóò gba ọjọ́ mẹ́rin gba ọjọ́ 19. Nígbà tó parí, mo tún fi téèpù wọ̀n ọ́n ní ìdábùú. Ìyàtọ̀ mílímítà 5. Mo di mọ́ bàbá àgbàlagbà yẹn bí ẹni pé òun ló bí mi.

Táǹkì epo ò sí nítòsí ní gbogbo àkókò yẹn. Mo ti gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé kí ẹnikẹ́ni tó tan iná kankan, torí táǹkì bẹntiróò tó gbẹ, tí òórùn epo nìkan ló kù nínú rẹ̀, léwu ju èyí tó kún lọ. Mo rí àwọn tó ń jó ṣásí pẹ̀lú táǹkì lórí rẹ̀. Ẹ̀rù wọn ń bà mí.

Lẹ́yìn jíjó, mo lu ihò sí ìsàlẹ̀ gbogbo àpótí ṣásí náà kí omi lè máa rí ọ̀nà jáde. Mo yọ́ gíríìsì mọ́ ọ́ìlì tuntun lórí iná èédú, a sì fi páǹpù fọ́n ọn sínú rẹ̀ títí tó fi ń kán ní gbogbo ihò. Mo kun ìta ní ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń dáàbò bo irin lẹ́ẹ̀mejì, mo kun dúdú lé e lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ibi ni mo kùn. Ojú ibi tí ẹ́ńjìnnì máa jókòó sí, ibi tí àpótí jíà máa jókòó sí, ibi tí wáyà áàtì bátìrì, èyí tí iná ń gbà padà sínú bátìrì, ti máa wọlé, kò sí èyí tí mo fi sílẹ̀. Inú mi dùn sí bó ṣe bo gbogbo rẹ̀.

Ara mọ́tò ló kàn. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn Land Rover ló máa ń kọ́kọ́ lọ, torí férémù irin ló wà nínú rẹ̀, awọ alumíníọ̀mù ló sì wà níta, omi òjò sì ń dúró sáàárín wọn. A gé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn méjèèjì, a fi férémù tuntun sí i. Mo ti ra bọ́ltì tó ń dán, irú irin tí kì í dógùn-ún rárá, kí n fi to ara mọ́ ṣásí. Gbogbo ẹni tó rí i ló yìn ín. Ìgbà tí mo ka ìwé nípa àwọn irin wọ̀nyí ni mo rí i pé irú bọ́ltì bẹ́ẹ̀ tún le sí alumíníọ̀mù ju irin lásán lọ: bọ́ltì yóò máa dán títí ayé, alumíníọ̀mù tó yí i ká ni yóò di ẹfun. Mo kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ ra èyí tí wọ́n fi sinkí bọ̀, torí sinkí àti alumíníọ̀mù sún mọ́ ara wọn, wọn ò sì ń jẹ ara wọn tó bẹ́ẹ̀. Irú rẹ̀ náà ni iléeṣẹ́ fi sí i níbẹ̀rẹ̀, àwọn etí ara mọ́tò náà tó jẹ́ irin, sinkí ni wọ́n fi bọ̀ wọ́n. Mo gé wọ́ṣà láti ara ike jẹ́ríkánì tó nípọn, mo fi sí abẹ́ orí bọ́ltì kọ̀ọ̀kan àti sáàárín ara òun ṣásí, mo sì pa gíríìsì sí i kí n tó dì í.

Ẹ́ńjìnnì ò ni wá lára tó bí mo ṣe rò. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróò oní-sìlíńdà mẹ́rin ni, sẹ́ǹtímítà oníhà-mẹ́ta 2,286, irin gbáà. Bàbá ti ń da ọ́ìlì sí ihò pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ lọ́dọọdún láti 2009, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo fi sípánà yí i, ó yí. A sí tọ́ọ̀pù sìlíńdà, a lọ ojú fáàfù, a fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, a to àlàfo fáàfù sí mílímítà 0.25 àti ti pọ́íǹtì sí 0.4. Mo to wáyà pọ́lọ́ọ̀gì ní 1-3-4-2, bí àwọn sìlíńdà ṣe ń jó tẹ̀ lé ara wọn. Orí kabúrétọ̀ Zenith rẹ̀ ti wọ́, bó ṣe sábà máa ń ṣe, mo fi sáńpépà lórí gíláàsì pẹlẹbẹ yọ́ ọ títí tó fi gún. Béárìn táyà, Ládípọ̀ ni mo ti rí wọn. Mo mú nọ́ńbà tó wà lára ti àtijọ́ lọ, mi ò dárúkọ mọ́tò fún olùtajà kankan. Ti bùréèkì, gbogbo páìpù àti rọ́bà inú rẹ̀ ni mo pààrọ̀, mi ò tún nǹkan kan ṣe níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ọjọ́ èéfín.

Ọmọkùnrin ríwáyà tí mo pè wò ó, ó ní kíkì, ohun tó ń fi iná bátìrì yí ẹ́ńjìnnì kó tó gbà, ti bàjẹ́, kí n lọ ra tòkunbọ̀. Mo fẹ́ gbà fún un. Bàbá ló dá wa dúró: "Kíkì ló bàjẹ́, ṣóòkì ló ń jóná? Ṣé ẹ̀gbọ́n òun àbúrò ni wọ́n ni?" Ìbéèrè yẹn ni mo gbé sùn. Wáyà ṣóòkì kì í gbé iná. Kò sí wáyà iná kankan tó kàn án. Irin tí wọ́n fi ń fa kabúrétọ̀ lásán ni. Báwo ni iná ṣe dé ibẹ̀?

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, a mú mítà. Bátìrì jẹ́ fóòtì 12.6, ara rẹ̀ le. A fi ẹnu mítà kan sórí ẹ́ńjìnnì, a fi èkejì sórí òdì bátìrì, mo ní kí àbúrò mi yí kọ́kọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì péré. Tí áàtì bá pé, mítà ò yẹ kó tó ìdajì fóòtì. Ó ka 4.7.

Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí. Iná tó ń ti bátìrì lọ sínú kíkì gbọ́dọ̀ padà wá sílé. Ìlọ rẹ̀ ní wáyà tó nípọn. Àbọ̀ rẹ̀, láti ara ẹ́ńjìnnì bọ́ sí ara ṣásí, láti ara ṣásí wọ òdì bátìrì. Ṣùgbọ́n orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì yìí jókòó lé, orí rọ́bà ni àpótí jíà náà jókòó lé, rọ́bà kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá. Okùn bàbà kan tí wọ́n hun pẹlẹbẹ ló yẹ kó so wọ́n pọ̀ mọ́ ṣásí. Mo lọ tú agbada tí mo ń da pàǹtírí sí. Okùn náà wà níbẹ̀, ó ti di àwọ̀ ewé, ó ti já sí méjì. Èmi ni mo jù ú síbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo tú àpótí jíà. Mo rò pé ìdè lásán ni.

Kíkì sì ń fẹ́ iná tó lé ní ọgọ́rùn-ún ámpù. Nígbà tí kò rí ọ̀nà ńlá padà, ó wá ọ̀nà kékeré: ó gba ara kabúrétọ̀, ó gba irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú wáyà ṣóòkì, ó dé ògiri iwájú, ó bọ́ sí ṣásí. Ìdí nìyẹn tí irin náà fi gbóná tó sì yọ́ ike tó wọ̀. Ọ̀dà tí mo fi bo gbogbo ojú ṣásí náà tún dá kún un, torí bí okùn náà bá tiẹ̀ wà, orí ọ̀dà ni mo máa dè é mọ́. Níbi tí mo ti ń dá omi dúró kó má baà wọ oríkèé, mo dá iná dúró pẹ̀lú.

A ṣe okùn tuntun méjì láti ara wáyà bàbà tó nípọn, mílímítà oníhà-mẹ́rin 35, ọ̀kan láti àpótí jíà sí ṣásí, ọ̀kan láti ẹ́ńjìnnì sí ṣásí. Mo ha ọ̀dà kúrò níbi tí wọ́n ti máa wọlé, ó fẹ̀ tó owó náírà onírin, títí tí irin fi ń dán. Mo fi wọ́ṣà eléyín sí i kó lè bu irin jẹ, mo dì í le, ẹ̀yìn náà ni mo fi gíríìsì bò ó látòkè dé ilẹ̀, torí bàbà àti irin náà ò ní ṣaláì jẹ ara wọn tí omi bá dé àárín wọn. Bí mo ṣe ha ọ̀dà kúrò níbi ti òdì bátìrì nìyẹn pẹ̀lú. Mítà ka 0.2. Mo fi wáyà ṣóòkì tuntun sí i, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì ni ẹ́ńjìnnì náà gbà.

Bàbá ò sọ nǹkan kan. Ó wá, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì fi í síbẹ̀ títí.

Oṣù Keje la gbé e lọ sóko. A gba Ìkòròdú, a já sí ọ̀nà Itoikin, a yà sí Ìmọ̀tà. Lójú títì, mo fẹ́ tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ìyeyè tó máa jẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà, Bàbá gbá mi lọ́wọ́. Ó ní aláwọ̀ ìyeyè ni ti títẹ̀, pupa ni ti fífà fún ẹrù wúwo, kò sì sí èyí tó wà fún ọ̀dà títì nínú méjèèjì. Òótọ́ ló sọ: mọ́tò yìí ò ní ohun tó ń pín agbára láàárín iwájú àti ẹ̀yìn, tí ilẹ̀ bá le, ṣe ni àkísù méjèèjì máa lọ́ ara wọn pọ̀. Nígbà tí a wọ ẹrẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, ó ní, "Ó yá, tẹ ìyeyè." Mo tẹ̀ ẹ́. Ó gba inú ẹrẹ̀ náà kọjá bí ẹni tó ń rìn lọ sílé rẹ̀.

Kò tíì pé. Omi òjò ṣì ń kán sí ẹsẹ̀ awakọ̀, ọ́ìlì ń jò níbi bọ́ọ̀lù táyà iwájú lápá ọ̀tún, ohun tó ń ka eré ò ṣiṣẹ́. Irin, wẹ́dà àti epo jẹnẹrétọ̀ ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó, ẹ́ńjìnnì ò gba ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹni tó bá ń ṣírò tirẹ̀, kó fi èyí sọ́kàn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta òjò, mo tú bọ́ltì 12 lára ara mọ́tò náà, láti ibi 12 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí n lè rí abẹ́ wọn. Mọ́kànlá mọ́, gíríìsì ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe pa á. Abẹ́ ìkejìlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́ṣà ike rẹ̀ ti là sí méjì nítorí pé mo dì í le jù, ẹfun sì ti yọ níbẹ̀, kò ju ìwọ̀n orí ìṣáná lọ. Mo ha á kúrò, mo gé wọ́ṣà míì tó nípọn ju ìyẹn lọ, mo kọ ọjọ́ náà sára ògiri lábẹ́ ìwọ̀n ṣásí. Oṣù Kẹta ni mo máa tún un tú.